Ọmọ Ààlà Tó Wọ Nọ́ńbà 14

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 2019, èmi nìkan ni obìnrin tó jókòó nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ ìsinmi ni ọjọ́ náà jẹ́ nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń gbá lọ́wọ́ ní Íjíbítì. Ẹni tó ni ibẹ̀ kò rí nǹkan mìíràn tí yóò fi pawó, ló bá yí ẹ̀rọ sí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti àwọn obìnrin: Nẹ́dálándì àti Swídìn, ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ ń kùn pé ta ni yóò sanwó wo obìnrin. Nígbà tí yóò fi tó wákàtí kan àbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbá bọ́ọ̀lù wọlé, wọn kò rántí kùn mọ́. Rẹfirí ni wọ́n ń bá jà.

N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló lé mi jáde nílé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé kan wà nínú àpò mi tí n kò fẹ́ dá jókòó tì. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní kóòtù, àbúrò bàbá mi sì ti bá mi ṣètò rẹ̀ débi pé ó ku kí n fọwọ́ sí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ìlú Ìmẹ̀kọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni wọ́n bí mi sí. Irọ́ ni. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni bàbá mi lóòótọ́, ibẹ̀ ni mo sì gbé dàgbà jù, ṣùgbọ́n Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní òdì kejì ààlà, nínú Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, nílé àwọn òbí ìyá mi. Àjọ kan tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ti ṣèlérí owó fún mi láti kàwé gba oyè kejì ní yunifásítì. Nígbà tí wọ́n rí ìwé ìbí mi tí wọ́n kọ ní èdè Faransé, wọ́n ní kí n mú èyí tó fi hàn pé inú ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò fi owó náà fún ẹlòmíràn.

“Bébà lásán ni,” ni Bàbá Kékeré wí. “Ta ni yóò gun ọ̀kadà lọ sí Kétu lọ wádìí rẹ̀?”

Ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà.

Wọ́n wọ àfikún àsìkò. Ní ìṣẹ́jú kọkàndínlọ́gọ́rùn-ún, bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ obìnrin kúkurú kan tó wọ nọ́ńbà 14, níwájú ojúlé Swídìn, níbi tí kò sún mọ́ ilé jù. Kò gbé e sókè. Ó gbá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó la àárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kọjá, ó sì yí lọ sí igun jíjìn àwọ̀n, níbi tí ọwọ́ Hedvig Lindahl, adílé Swídìn, kò dé. Òkan sí òdo. Báyìí ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà sì ṣe parí. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní abẹ́rẹ́ bó ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹnì kan bi wá pé ta nìyẹn. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mo délé, mo wá orúkọ rẹ̀ lórí fóònù. Jackie Groenen. Wọ́n bí i ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1994, ní Tilburg, ìlú kan ní gúúsù Nẹ́dálándì. Títí dé ibí yìí, kò sí nǹkan tó kàn mí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló mú kí n dìde jókòó lórí ibùsùn: abúlé Poppel ló ti dàgbà, abúlé kan tó wà ní òdì kejì ààlà, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m.

Láti Poppel sí Tilburg kò tó ogún kìlómítà. Láti ọdún 1830 tí Bẹ́ljíọ̀m ti ya kúrò lára Nẹ́dálándì ni àwọn ará apá ibẹ̀ ti di ọmọ orílẹ̀-èdè méjì, bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni wọ́n ń sọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí wọ́n ń ná ọjà ara wọn, tí wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa yóò ti mọ ìdí tí mo fi dìde jókòó. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Yúróòpù, tí wọ́n fa ìlà sórí ìwé, tí Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí a bá gba Ìlárá kọjá lọ kí ìyá àgbà, ohun tí mo fi ń mọ̀ pé a ti kúrò ní Nàìjíríà ni pé búrẹ́dì wọn gùn gbọọrọ, owó wọn sì yàtọ̀. Ìkíni kò yí padà. “Ẹ kú àbọ̀” ni “ẹ kú àbọ̀” ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni Groenen mọ̀ nígbà èwe. Ó ń ja júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun já, kì í sì í ṣe pé ó kàn ń ṣeré. Ó gba ipò kìíní láàárín àwọn ọ̀dọ́ Nẹ́dálándì, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ bàbà nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yúróòpù. Bí ẹ bá wo bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ óò rí júdò náà níbẹ̀. Kò sanra, kò ga, àwọn tó ń bá a du bọ́ọ̀lù sì sábà máa ń tóbi jù ú lọ. Síbẹ̀ ó máa ń tẹ orúnkún rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, á fi ejìká wá àyè, ẹni tó fẹ́ tì í yóò sì rí i pé òun alára ló ń ṣubú. Èrò tèmi nìyẹn. Bóyá àwọn tó mọ júdò yóò bá mi jiyàn. Ohun tó dájú ni pé ó di dandan fún un láti mú ọ̀kan, bọ́ọ̀lù ló sì mú.

Ní ọdún 2011, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó kọjá sí Jámánì láti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ SGS Essen. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń jókòó ní kíláàsì girama. Láti Essen ó lọ sí Duisburg, ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti ròkè nígbà kan rí, ṣùgbọ́n tí gbèsè dé bá nígbà tí òun wà níbẹ̀, títí tí ẹgbẹ́ MSV tó wà ní ìlú kan náà fi gba àwọn agbábọ́ọ̀lù náà tọ́. Ní 2014 ó wọ Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù, kò pẹ́ níbẹ̀. Ní 2015 ó padà sí Jámánì, sí ẹgbẹ́ Frankfurt, níbi tó ti lo ọdún mẹ́rin gbáko. Àárín pápá ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù nítorí góòlù nìkan lè wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan parí kó má mọ̀ pé Groenen wà nínú rẹ̀. Òun ló máa ń gba bọ́ọ̀lù tó já bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá, á yí po, á fi lé ẹni tí ojú rẹ̀ kọ iwájú lọ́wọ́, á sì tún sá lọ síbi tí wàhálà mìíràn ti fẹ́ bẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù lọ nìyí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, Groenen ti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ Nẹ́dálándì. Ṣùgbọ́n nígbà tó dàgbà, Nẹ́dálándì kò pè é sínú ikọ̀ àgbà. Ives Serneels, akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ obìnrin Bẹ́ljíọ̀m, ló kọ́kọ́ nawọ́ sí i. Ó bá a mu, àbí? Bẹ́ljíọ̀m ló ti dàgbà, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà, ó sì ti gba ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ó ní òun yóò lọ. Àjọ FIFA ní kò gbọdọ̀ lọ.

Òfin tí wọ́n fi dè é kò ṣòro láti yé ni, bí a bá fara balẹ̀. Ẹni tó bá ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdíje fún àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè kan lè yí lọ sí òmíràn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kejì náà ṣáájú ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún èkíní. Ọjọ́ tí Groenen kọ́kọ́ wọ aṣọ ọ̀dọ́ Nẹ́dálándì, ará Poppel ni, ṣùgbọ́n lórí ìwé kò tíì di ọmọ Bẹ́ljíọ̀m. Ọdún tó ti lò níbẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ eré ìdárayá ní Lausanne, ní Switzerland. Wọ́n dá a lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn ọmọ tiwa wé e. Èkó ni wọ́n bí Alex Iwobi sí, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti dàgbà, ó gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ wọn níbẹ̀, ní 2015 ó sì bọ́ sínú ikọ̀ àgbà Nàìjíríà. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Adémọ́lá Lookman sí. Òun wà nínú ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ogún lọ ní 2017. Ní 2022 ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé wa, ní 2024 wọ́n sì dé e ládé agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù ní Áfíríkà. Kí ló dé tí FIFA kò dí tiwọn? Nítorí pé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Láti orí ẹní ìkókó ni àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ti ní ohun tí FIFA ń béèrè. Ẹ̀jẹ̀ ló gbà wọ́n là. Groenen kò ní ẹ̀jẹ̀ tó lè tọ́ka sí ní Bẹ́ljíọ̀m. Ilé ló ní níbẹ̀.

Nígbà tí mo ka ibi yìí ni mo wá rí i pé ti ẹ̀jẹ̀ ni tèmi náà, pé ọmọ Nàìjíríà ni mí nínú òfin láìsí àní-àní, àti pé àjọ tó ń béèrè ibi tí wọ́n bí mi sí ń béèrè ohun tí òfin ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò béèrè. Ó dùn mí, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì ni wọ́n fi bébà lé sẹ́yìn, ọ̀kan nítorí pé kò ní ẹ̀jẹ̀, èkejì nítorí pé ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó wọn.

N kò sọ pé òfin FIFA náà burú látòkèdélẹ̀ o. Bí kò bá sí irú rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè olówó ìbá ti máa ra agbábọ́ọ̀lù bí ẹní ra ẹran ní káà, àwa tí a kò lówó ni ìyà náà ìbá sì kọ́kọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n FIFA fúnra rẹ̀ tún un ṣe ní 2020, ó sì fi àyè sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn gbèdéke kan, fún ẹni tó jẹ́ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀dọ́ nìkan ló gbá, tí kò sì tíì ní ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kejì nígbà náà. Ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ Groenen, wọ́n ti wá fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ síbi tí ẹlòmíràn yóò ti rí i. Ní ti Groenen, ó ti pẹ́ jù.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, Nẹ́dálándì pè é, ó sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ fún ikọ̀ àgbà, wọ́n dojú kọ Dẹ́nmáàkì. Nọ́ńbà 14 ni gbogbo ènìyàn wá fi mọ̀ ọ́n níbẹ̀, nọ́ńbà Johan Cruyff, agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn jù lọ. Ó pẹ́ tí mo fi ronú sí ìpè yìí. Báwo ni ènìyàn ṣe ń wọ aṣọ àwọn tó ti gbé ẹjọ́ lọ sí Lausanne kó má baà wọ̀? Ṣé ojú kò tì í? Ṣé àwọn yòókù kò wò ó bí ẹni pé àjèjì ni? N kò lè wọ inú rẹ̀ lọ. Ohun tí ojú mi rí ni iṣẹ́ tó ṣe.

Ní 2017, Nẹ́dálándì gbàlejò ìdíje àwọn obìnrin ilẹ̀ Yúróòpù. Sarina Wiegman ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá, Groenen sì di ọ̀kan nínú òpó àárín pápá, pẹ̀lú Sherida Spitse àti Daniëlle van de Donk. Wọ́n na Norway ní òkan sí òdo ní Utrecht, wọ́n na Dẹ́nmáàkì bákan náà ní Rotterdam. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta ni ti ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Keje. Bẹ́ljíọ̀m ni wọ́n fẹ́ kojú. Tilburg ni wọ́n ti gbá a.

Bí òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ bá kọ irú èyí, a ó ní ó ti àsọdùn bọ̀ ọ́. Ìlú tí wọ́n bí i sí ni. Ìrìn wákàtí díẹ̀ ni ẹsẹ̀ lè rìn láti pápá náà dé abúlé tó ti dàgbà. Orílẹ̀-èdè tó fẹ́ kó wọ aṣọ òun ló wà níwájú rẹ̀, Serneels tó pè é ló sì wà lórí àga ìjókòó wọn. Spitse gbá pẹ́nárítì wọlé fún Nẹ́dálándì. Tessa Wullaert dá a padà fún Bẹ́ljíọ̀m. Lẹ́yìn náà Lieke Martens gbá òmíràn sílé, ó sì parí sí méjì sí òkan. Bẹ́ljíọ̀m kó ẹrù lọ sílé. Groenen gbá bọ́ọ̀lù bó ṣe máa ń gbá a, ó ń gbà, ó ń pín, ó ń sáré padà.

Àwọn tó kù, ẹ ti lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n yọ Swídìn, wọ́n fi mẹ́ta sí òdo na Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì na Dẹ́nmáàkì ní mẹ́rin sí méjì ní Enschede ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ láti gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn àwọn obìnrin wọn. Àjọ UEFA fi orúkọ Groenen sínú àwọn tó ta yọ nínú ìdíje náà. Ọmọ tí kò rí ìpè gbà ní ọdún díẹ̀ ṣáájú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Lyon, lẹ́yìn tí mo ti fi òru ka gbogbo èyí, mo pe ìyá mi ní Kétu.

“Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe sí ìwé Bàbá Kékeré?”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ń gbọ́ ìró ọlọ lẹ́yìn rẹ̀. “Àbúrò bàbá rẹ fẹ́ràn rẹ,” ni ó wí. “Kò ṣe é nítorí ibi. Ṣùgbọ́n bí o bá fọwọ́ sí i, níbo ni kí n máa sọ fún ènìyàn pé mo ti rọbí rẹ?”

N kò fọwọ́ sí i. Owó náà lọ. Mo kọ̀wé sí àjọ náà, mo tọ́ka òfin 1999 fún wọn, mo so ìwé ìbí bàbá mi mọ́ ọn. Wọn kò fèsì. Bàbá Kékeré kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ tèmi búra tirẹ̀, ó gba owó, ó kàwé, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ gidi báyìí. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo bá ka owó oṣù mi tán, tí mo máa ń rántí rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo jẹ́ akọni. Ohun tí mo fi jẹun ní ọdún méjì tó tẹ̀ lé e ni èdè Faransé, èyí tí mo kọ́ ní Kétu ní gbogbo ìgbà ìsinmi tí wọ́n fi ń rán mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta, mo sì ń fi díẹ̀díẹ̀ kó owó yunifásítì jọ. Ibi tí wọ́n bí mi sí, tó lé mi kúrò nídìí owó, òun náà ló ń bọ́ mi.

Ní ọjọ́ keje oṣù Keje ọdún 2019 yẹn, Amẹ́ríkà na Nẹ́dálándì ní méjì sí òdo nínú àṣekágbá. Ilé ìwòran kún ní ọjọ́ náà, àwọn kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn padà wá, wọ́n sì ń pariwo “Nọ́ńbà 14!” nígbàkígbà tó bá fọwọ́ kan eré. Lẹ́yìn ìdíje náà ni Groenen kọjá sí Manchester United, ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ikọ̀ obìnrin rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2018, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá sí ìpele àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀, ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin lọ́wọ́ nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Èmi kò yà á lẹ́nu pé òfin ló yàn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn lẹ́yìn náà. Ní ìdíje Yúróòpù ti 2022, àrùn kòrónà mú un lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, ó padà wá, Faransé sì fi pẹ́nárítì lé wọn lọ nínú àfikún àsìkò. Ní ọdún náà ló wọ Paris Saint-Germain, níbi tó ti wà nínú ẹgbẹ́ tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Faransé ní 2024. Ní 2023, Spain ló lé Nẹ́dálándì kúrò nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ní 2025, ní Switzerland, wọn kò tilẹ̀ kọjá ìpele àkọ́kọ́, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi mẹ́rin sí òdo nà wọ́n, Faransé fi márùn-ún sí méjì. Ó ti wọ aṣọ orílẹ̀-èdè náà ní ìgbà tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2025 kan náà ni ọmọ Mushin wa, Rasheedat Ajibade, balógun àwọn Super Falcons, tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Paris Saint-Germain, lẹ́yìn tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní Morocco. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì tí o mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bá lọ yá ilé sí àdúgbò kan náà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti gbogbo ẹnu ààlà orí ilẹ̀. Ó lé ní ọdún kan tí n kò fojú kan ìyá mi. Àwọn kan ń gba ọ̀nà inú igbó kọjá. Màámi ní kí n má ṣe é. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní òpin ọdún 2020, mo lọ sí Kétu ní oṣù Kìíní tó tẹ̀ lé e. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a jókòó sí ìta gbangba, mo sì fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Tilburg hàn án lórí fóònù, èyí tí mo ti gbà sílẹ̀ láti Abẹ́òkúta kí n má baà ná dátà níbẹ̀.

Màámi kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Mo ń ṣàlàyé fún un: àwọn aláwọ̀ ọsàn nìyí, àwọn aláwọ̀ pupa nìyẹn, èyí tó kúrú yìí ni mo sọ fún yín lórí fóònù.

“Ilé wọn dà?” ni ó béèrè.

“Ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn ni, Màámi. Bí ẹni ń lọ sí ààlà. Ẹ̀gbẹ́ ti àwọn aláwọ̀ pupa ni.”

“Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ wá ń pàtẹ́wọ́ fún ta ni?”

Mo fẹ́ dáhùn, n kò rí èsì. Martens gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ariwo sọ nínú fóònù kékeré náà, àwọn aláwọ̀ ọsàn ń dì mọ́ra wọn. Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sún un mọ́ ojú rẹ̀, ó sì ní kí n dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, òun kò rí ibi tí nọ́ńbà 14 wà.